Mẹ́jọ Nínú Mẹ́wàá: Oṣù Mẹ́wàá Tí Mo Fi Wà Pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Ìsoríkọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn. Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo wa ń pè wọ́n nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe máa pè wọ́n níbí. Wọ́n ti ka ohun tí mo kọ yìí láti òkè délẹ̀ kó tó jáde. Gbólóhùn méjì ni wọ́n ní kí n yọ, mo sì yọ ọ́. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe rí, torí pé ibẹ̀ gan-an ló máa wúlò fún ẹni tó bá wà nírú ipò tí mo wà.

Ẹni ọdún 41 ni wọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n ń ṣe, yàrá tó kángun sí ẹnu ọ̀nà nínú ilé wọn ni wọ́n sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Àwọn, ìyàwó wọn àti Màmá wa ló jọ ń gbé. Olùkọ́ ni èmi, ilé mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí tiwọn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọjọ́ tí mi ò ní yà níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yí padà

Ẹkún kọ́ la kọ́kọ́ rí. Ìkanra ni. Ẹni tí kì í jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ líle sí wọn nítorí bọ́tìnì kan tó já. Àwọn oníbàárà á pè títí, fóònù á dún, á dákẹ́. Aago mẹ́ta òru, wọ́n á ti jí, wọ́n á jókòó sí etí ibùsùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu wọn mọ́, ihò tuntun méjì ni wọ́n lù sí bẹ́líìtì wọn. A rí gbogbo èyí, a sì ń fún un lórúkọ mìíràn: iṣẹ́ ló pọ̀, ara ló ń béèrè ìsinmi, owó ló ń dùn wọ́n. Nígbà tó yá, Màmá ní ìwà ọ̀lẹ ni. Mo gbà nígbà náà pé ọ̀rọ̀ Màmá yìí ló ń pa wọ́n lára jù. Màá padà síbẹ̀.

Ọjọ́ tí ojú mi là ni ọjọ́ tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà lọ wá abẹ́rẹ́. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kan wà lórí máṣíìnì, wọ́n ti rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dé ìdajì. Abẹ́rẹ́ ṣì gún aṣọ náà mọ́lẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó máa ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Eruku ti so mọ́ òwú tó gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Mo gbé irin náà sókè. Ojú ibi tó tẹ̀ ti dán, ó fi àmì ìka méjì sílẹ̀ lára aṣọ bí ìgbà tí ẹyẹ bá tẹ ẹrẹ̀. Mo bi ìyàwó wọn pé láti ìgbà wo. Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ méje rèé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀ lọ jókòó. Wọn ò kàn ní fọwọ́ kàn án ni.”

Mo mú àkísà, mo nu máṣíìnì náà tónítóní, mo yọ aṣọ náà, mo ká a. Mo rò pé mo ti ṣe nǹkan ńlá. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá rí i, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ìwọ náà ti wá mọ̀ pé mi ò lè nù ún.” Wọ́n padà lọ dùbúlẹ̀.

Ẹnu mi

Iṣẹ́ ẹnu ni iṣẹ́ olùkọ́, ẹnu náà ni mo gbé dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ sáà gbìyànjú kẹ́ ẹ jáde. Ẹ wo àwọn tí wọn ò lọ́wọ́ tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ ní ìyàwó rere, ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́, kí ló wá kù? Mo kà á níbì kan pé Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣírò rẹ̀ ní 2023 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 280 èèyàn ni ìsoríkọ́ ń bá fínra lágbàáyé. Mo sáré lọ sọ fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ó pọ̀ o. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ń dìde láàárọ̀, àbí?”

Ìmọ̀ràn ni mo rò pé mò ń gbà wọ́n, ẹ̀sùn ni wọ́n ń gbọ́. Bí ìsoríkọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti dé etí ẹni tó ń ṣe, ẹ̀bi ló máa yí i sí. Sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ dára, á ní òun ń fìyà jẹ ẹni rere. Sọ fún un pé ìṣòro àwọn kan ju tirẹ̀ lọ, á ní òun ò tilẹ̀ nídìí kankan tí òun fi ń ṣe báyìí, ìtìjú á wá gun orí ìbànújẹ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń da epo síná, tí mo sì ń rò pé omi ni.

Sísọ́ọ̀sì

Bọ̀ọ̀dá ní sísọ́ọ̀sì ńlá kan tí ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ fún wọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi í gé bébà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọ iṣẹ́ wọn mú un lọ́wọ́ wá bá mi, ó ní Bọ̀ọ̀dá ní kí òun máa lò ó lọ. Inú ọmọ náà ń dùn. Àyà tèmi já. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni ìyàwó wọn sọ fún mi pé wọ́n ní, “Ẹ ò ní pẹ́ sinmi lọ́wọ́ mi.” Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó fẹ́ràn jù tọrẹ, tó tún ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti di ẹrù fún ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dọ̀la.

Àbúrò ni mí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi. Ohun tó tún ń dẹ́rù bà mí ni pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, bóyá èmi ni màá fi sí wọn lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí léraléra ti fi hàn pé bíbéèrè kì í gbin ìrònú náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ó tiẹ̀ lè mú kí ara tu ẹni tí wọ́n bi. Mi ò mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ló kàn jẹ́ kí n béèrè.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Ṣé ó ti ń wá sí yín lọ́kàn pé kẹ́ ẹ pa ara yín?”

Wọn ò wojú mi. Wọ́n ń fi àtàńpàkò ha eékún ṣòkòtò wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. “Ó ti ń wá tipẹ́.”

“Ṣé ẹ ti ro bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé nǹkan náà wà nínú ilé yìí?”

Ó wà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ, wọ́n ní kí n gbé e. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ iwájú yàrá wọn ni mo sùn sí. Bílẹ̀ ṣe mọ́, èmi àti ìyàwó wọn mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ti rò pé wọ́n máa bínú sí mi. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ lọ́nà ni pé, “O pẹ́ kó o tó béèrè.”

Ìbéèrè mẹ́sàn-án

Dókítà fún wọn ní ìwé tí wọ́n ń pè ní PHQ-9. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, agbára, ìfẹ́ sí nǹkan, èrò pé èèyàn ti já ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ kulẹ̀. Òdo sí 3 ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ tó ga jù sì jẹ́ 27. Láti 20 lọ sókè ni wọ́n ń kà sí èyí tó le gan-an. Ti Bọ̀ọ̀dá jẹ́ 21. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ti ikú. Wọ́n fúnra wọn ló sàmì sí i, wọn ò fi pamọ́, ó sì jọ mí lójú, torí ọjọ́ kejì péré nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Dókítà ò sáré kọ oògùn. Ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ò tó lára wọn, àti bóyá ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí pé àìsàn méjèèjì lè fara jọ ìsoríkọ́. Ó bi wá bóyá ìgbà kan ti wà rí tí inú wọn dùn kọjá ààlà, tí wọn ò sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sì rẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ń náwó bí ẹni pé kò ní tán. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣe rí, oògùn ìsoríkọ́ nìkan lè tì í padà sínú rẹ̀. Ìbéèrè yìí ló jẹ́ kí n mọ ìdí tó fi yẹ kí ará ilé bá aláìsàn wọlé tí aláìsàn bá gbà, torí àwa ló máa ń rántí ohun tí òun alára ò kà sí. Kò ṣe Bọ̀ọ̀dá rí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn náà sì dára.

Sertraline, oògùn ìsoríkọ́ kan, ni dókítà kọ fún wọn, 50 mg lójúmọ́, pẹ̀lú ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ní inú lè máa ru wọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ká tó rí ìyípadà gidi, pé oorun àti oúnjẹ lè ṣáájú kí ọkàn tó fúyẹ́. Ó ní ká ṣọ́ wọn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ara àwọn ọ̀dọ́ ni ìrònú ikú ti máa ń fẹ́ pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ irú oògùn yìí: ní 2004 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ tó lágbára jù sí i nítorí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba, ní 2007 wọ́n sì nà án dé ẹni ọdún 24. Bọ̀ọ̀dá ti kọjá ọjọ́ orí yẹn, ṣùgbọ́n a ṣọ́ wọn.

Ká tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá fọwọ́ ara wọn kọ ìwé kan: àmì tí wọ́n máa fi mọ̀ pé ìrònú náà ti ń bọ̀, ohun tí wọ́n lè ṣe fúnra wọn, ibi tí wọ́n lè lọ jókòó sí láàárín èèyàn, àwọn tí wọ́n máa pè, nọ́ńbà ilé ìwòsàn, àti ohun tí a gbọ́dọ̀ gbé kúrò nílé. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Barbara Stanley àti Gregory Brown, ló ṣètò irú ìwé yìí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wọn. Níbi àwọn tí wọ́n máa pè, wọ́n kọ ìyàwó wọn, wọ́n kọ ọ̀rẹ́ wọn kan, wọ́n kọ Màmá. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Èmi tí mo béèrè, èmi tí mo sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mẹ́jọ

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin tó ń fún wọn ní ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ náà ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, ìyàwó wọn àti Màmá, bá Bọ̀ọ̀dá wá. Ó sọ fún wa nípa ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Jill Hooley àti John Teasdale, gbé jáde ní 1989. Wọ́n tẹ̀ lé èèyàn 39 tó ní ìsoríkọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án láti mọ ẹni tí àìsàn náà máa padà sí lára. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ jù: báwo lo ṣe rí i pé ọkọ tàbí aya rẹ ń ṣàríwísí rẹ tó? Kí onítọ̀hún mú nọ́ńbà kan nínú mẹ́wàá; bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni àríwísí náà ṣe pọ̀ tó. Kì í ṣe bí àríwísí náà ṣe rí lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́ ni wọ́n béèrè o. Bó ṣe rí létí ẹni tó ń gbọ́ ọ ni.

Ó ní kí Bọ̀ọ̀dá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní nọ́ńbà. Ìyàwó wọn gba 2. Mo wá ń retí ti Màmá. Mo ti to ohun tí màá fi gbèjà Bọ̀ọ̀dá jọ lọ́kàn mi. Màmá gba 5. “Màmá máa ń pariwo, á sì tán síbẹ̀. Mo ti mọ̀ wọ́n láti kékeré.” Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ìwọ, 8.”

Ẹnu mi ti là láti sọ gbogbo ohun tí mo ti ṣe. Obìnrin náà gbọ́wọ́ sókè díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní, “Kò sígbà tó o wọlé tí o kì í bá nǹkan tí mi ò ṣe. Tí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ lẹ́nu ọ̀nà, màá ti máa ka ohun tí mi ò tíì ṣe.”

Mo sunkún délé. Láti ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ara mi. Ẹ ò tíì wẹ̀? Ẹ ò tíì jẹun? Ẹ ṣì wà lórí ibùsùn? Ìbéèrè ni lẹ́nu mi, ìdájọ́ ni létí wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí kò bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí wọn ò ṣe. Mo wá ohun mìíràn sọ. “Mò ń lọ bu omi mu, ṣé kí n bu tiyín wá?” “Mo fẹ́ rìn dé ìparí àdúgbò kí n padà, tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.” Bí wọ́n bá ní rárá, màá ní “ó dáa”, màá sì máa lọ. “Ó dáa” yẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, torí èèyàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó sì dé inú ohùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi sọ rárá. Lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n wọ bàtà wọn, wọn ò sọ nǹkan kan, a jọ lọ.

Mo tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó láìsọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀ lọ máàkì. Wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á kọjú sógiri, èmi á máa máàkì. Ó lè tó wákàtí kan. Nígbà míì, láti ibi ògiri yẹn, màá gbọ́: “Ṣé ọmọ yẹn gbà á?” Màá ka ìdáhùn ọmọ náà fún wọn.

Òwú àti abẹ́rẹ́

Obìnrin náà ò ní kí wọ́n dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá wù wọ́n. Láti àwọn ọdún 1970 ni Peter Lewinsohn, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ń ṣàlàyé rẹ̀ pé ìsoríkọ́ máa ń jẹ́ kéèyàn fà sẹ́yìn, ìfàsẹ́yìn náà á gba gbogbo ohun tó ń múnú ẹni dùn lọ, ìyẹn á sì tún mú kórí kọ́ sí i. Èèyàn á kọ́kọ́ ṣe díẹ̀, kó tó wù ú. Díẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ kéré débi tí ẹni tó ti rẹ̀ pátápátá á lè ṣe é.

Bọ̀ọ̀dá àti obìnrin náà ló jọ mú máṣíìnì. Lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, ó tán. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n kán òróró sí i. Lọ́jọ́ kẹta wọn ò ṣe nǹkan kan, a ò sì bi wọ́n. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Wọ́n fi itọ́ ra orí òwú, wọ́n lọ́ ọ láàárín ìka méjì kó lè mú, wọ́n wá ojú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n tàsé. Wọ́n tún lọ́ ọ, wọ́n tún tàsé. Ọwọ́ mi ti gbéra láti gbà á, ni mo bá jókòó lé ọwọ́ ara mi. Nígbà karùn-ún, òwú wọlé. Wọ́n rán ìlà kan sára àkísà, ìlà náà wọ́. Wọ́n ń wò ó. “Mo ti rán èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.” Láti oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n sọ nípa ara wọn tí kì í ṣe èébú.

Páálí oògùn

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, àròpọ̀ wọn lórí ìbéèrè mẹ́sàn-án yẹn ti wálẹ̀ sí 7. Ara wọn ti yá, ni wọ́n bá dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹta, òòyì ń kọ́ wọn, nǹkan ń ta wọ́n nínú orí bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn, oorun dàrú. Wọ́n gbà pé àìsàn náà ti padà dé, pé kò lè lọ mọ́ láé. Ìyàwó wọn rí páálí oògùn tí wọn ò fọwọ́ kàn, ó pè mí. “Ṣebí mo sọ fún yín” ti dé ẹ̀yìn eyín mi kí n tó débẹ̀. Mo gbé e mì. Mo ní, “Ó jọ pé ara ń ni yín gan-an. Ṣé ká pe dókítà?”

Dókítà ní ara tí oògùn náà ti mọ́ lára ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, pé kì í ṣe bárakú. Wọ́n padà sí i, láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ó kéré tán, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ara bá ti yá ni wọ́n máa ń ní kéèyàn ṣì fi lò ó, kí dókítà tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ ká ti ní kí wọ́n sọ èyí fún gbogbo wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìsoríkọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró lórí ẹni tó ń ṣe, àwa tó yẹ ká bá wọn rántí ò sì béèrè.

Ìyàwó wọn ru ẹrù yìí jù mí lọ. Èmi máa ń lọ sílé mi lálẹ́. Ní oṣù kẹrin, mo bá a nínú balùwẹ̀ tó ṣí omi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀. A pín ọ̀sẹ̀: Màmá ọjọ́ méjì, èmi ọjọ́ méjì, ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ tí kì í bá ṣe tirẹ̀, á jáde nílé fún wákàtí méjì, kò sì gbọ́dọ̀ pè láti béèrè nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní á dà bí ẹni pé òun pa wọ́n tì. Bọ̀ọ̀dá ló ní kó máa lọ. Wọ́n ní bó bá wà níbẹ̀ tó ń fojú ẹ̀rù wo àwọn, ṣe làwọn ń ka gbèsè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Oṣù kẹwàá rèé. Àròpọ̀ wọn nígbà tí a lọ kẹ́yìn jẹ́ 4. Àwọn àárọ̀ kan ṣì wúwo fún wọn, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ báyìí: “Tòní wúwo.” A ó ní a ti gbọ́. Oògùn ṣì ń lọ, dókítà ò tíì sọ̀rọ̀ dídín in kù. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé náà jáde ní oṣù kẹfà. Àmì irin máṣíìnì ò parẹ́ tán lára rẹ̀, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ gan-an fún ẹni tó ni ín. Ọmọ iṣẹ́ wọn dá sísọ́ọ̀sì padà, wọ́n ní kó máa mú un lò nígbà tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó máa fi sílé.

Wọ́n tún bi wọ́n ní ìbéèrè nọ́ńbà yẹn ní oṣù tó kọjá. Màmá ṣì gba 5. Èmi gba 3.

Lọ́sẹ̀ tó lọ, wọ́n rán mi ní kí n lọ mú ṣẹ́ẹ̀tì kan wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Ìwé yẹn ṣì wà nínú ilẹ̀kùn, etí rẹ̀ ti ká. Bírò dúdú ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́sí. Lábẹ́ orúkọ Màmá, wọ́n ti fi bírò pupa kọ tèmi àti nọ́ńbà mi. Wọn ò sọ fún mi. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì náà, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo gbé e lọ fún wọn.